Ẹ Má Fi Ipò Ọmọ Lórí Pápá Ṣe Orúkọ Rẹ̀

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ni ó ní kí àwa mẹ́ta tí a fi bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé lé lọ́wọ́ kọ ìròyìn ìdíje tí àwọn ọmọ wa lọ nígbà ìsinmi, kí a sì tètè fi ránṣẹ́ kí ìwé ìròyìn yìí tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ìròyìn náà kò gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ọmọ wa jáde: wọ́n borí ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ta ọ̀mì ní ìgbà kejì, ní ìgbà kẹta wọ́n fi ẹ̀yìn wa balẹ̀ pẹ̀lú góòlù 5 sí 1. Jẹ́sì tí Ẹgbẹ́ rà kò sọnù, kò sì sí ọmọ tí ó fi ara pa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá tí wọ́n se ìrẹsì fún wọn.

Ṣùgbọ́n bí a bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀, a kò sọ òótọ́ fún yín tán. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lórí àwa àgbà. A ti rò ó síwá, a ti rò ó sẹ́yìn, a sì rí i pé ó kan gbogbo ilé tí ọmọ wà, ìbáà ṣe ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí èyí tí kò bìkítà fún un. Nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá wa kà á dé ìsàlẹ̀.

BÍ A ṢE PÍN WỌN

Ọmọ mẹ́rìndínlógún ni ó wà lọ́wọ́ wa, láti ẹni ọdún mẹ́sàn-án títí dé ẹni ọdún méjìlá. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin. Ní Sátidé àkọ́kọ́, a kó wọn jọ sí pápá, a da bọ́ọ̀lù sí wọn láàárín, a ní kí wọ́n máa ṣeré. Àwa jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, a ń wo ìwà wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A gbà pé a ní ojú tí a fi ń mọ ọmọ.

Èyí tí ó ń pariwo, tí ó ń já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ní iwájú ni kí ó lọ, kí ó máa wá góòlù. Èyí tí ó lórí kunkun, tí kò ṣeé tì kúrò lójú ọ̀nà, a fi í sí ẹ̀yìn. Èyí tí kò lè dúró lójú kan, a ní etí pápá ni tirẹ̀. Èyí tí ó ń bi wá ní ìbéèrè ṣáá, a fi í sí àárín. Ó wá ku ọmọkùnrin kan, ẹni ọdún mọ́kànlá. Ó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní, "Adilémú wa rèé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kò ní kúrò níbi tí a bá fi í sí." Àwa méjì yòókù mi orí. Gbogbo ìpàdé náà kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kò sí ẹni tí ó bi ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ náà pé, "Ìwọ ńkọ́, ibo ni o fẹ́?"

Àwọn òbí pàápàá dá sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bàbá kan ti pè wá lórí fóònù, ó ní ọmọ òun kò lè gbá ẹ̀yìn, nítorí pé ìdílé àwọn kì í ṣe ìdílé ẹ̀yìn. Ìyá kan ní a kò gbọdọ̀ fi ọmọ òun sí ẹnu àwọ̀n bí ọmọ-ọ̀dọ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó máa ṣọ́ ilé. Títí di òní olónìí, kò sí òbí kan tí ó tíì bẹ̀ wá pé kí a fi ọmọ òun ṣe adilémú.

A kò lè dá wọn lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Ayé ni ó rí bẹ́ẹ̀. Láti 1956 ni wọ́n ti ń fún agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ ní Bọ́ọ̀lù Wúrà ní ilẹ̀ Yúróòpù, adilémú kan ṣoṣo ni ó sì tíì gbà á láàárín àwọn ọkùnrin: Lev Yashin, ará Rọ́ṣíà, ní 1963. Ẹni tí ó gbá góòlù wọlé ni a ń gbé sí èjìká. Ẹni tí kò jẹ́ kí ó wọlé, a máa ń kí i kú iṣẹ́, a ó sì máa bá tiwa lọ.

OHUN TÍ IPÒ KỌ̀Ọ̀KAN Ń BÈÈRÈ

Bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ ènìyàn mọ́kànlá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Agbábọ́ọ̀lù iwájú lè ta bọ́ọ̀lù sófo nígbà mẹ́sàn-án. Bí ó bá gbá ìkẹwàá wọlé, ijó ni a ó jó. Nítorí náà ọkàn tí ó tètè ń gbàgbé àṣìṣe ni ó nílò. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn nílò ojú tí ó ń rí ewu kí ewu tó dé, àti ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, kí àwọn méjèèjì má baà máa wojú ara wọn nígbà tí bọ́ọ̀lù ń kọjá. Ẹni tí ó wà láàárín gbọ́dọ̀ máa yí ọrùn bí ológòṣẹ́, kí ó mọ ẹni tí òun yóò gbé bọ́ọ̀lù fún kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ti adilémú yàtọ̀ sí ti gbogbo wọn. Ó lè dúró fún ogún ìṣẹ́jú láì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà kí gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ náà wá bá a láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àṣìṣe àwọn yòókù a máa pòórá. Tirẹ̀ nìkan ni a ń ṣírò. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì wo pẹ́nárítì 286 láti inú ìdíje àwọn àgbà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Wọ́n rí i pé bí àwọn adilémú bá dúró sí àárín, wọn ì bá mú bọ́ọ̀lù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú pẹ́nárítì ọgọ́rùn-ún, bí mẹ́fà péré ni wọ́n dúró jẹ́. Nínú gbogbo ìyókù, wọ́n fò sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Kí ni ìdí? Wọ́n ní bí ènìyàn bá fò tí bọ́ọ̀lù sì wọlé, ojú kò tì í tó ti ẹni tí ó dúró gbagidi tí bọ́ọ̀lù wọlé. Ẹ wò ó, ará: àgbàlagbà tí ó ń gba owó oṣù ni a ń sọ yìí, ìbẹ̀rù ẹ̀bi sì ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Báwo ni yóò ti rí fún ọmọ ọdún mọ́kànlá?

Ohun kan tún wà tí àwa mẹ́ta gbàgbé pátápátá. Adilémú nìkan ni ó kọjú sí gbogbo pápá. Òun ni ó rí ẹni tí ó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn àwọn ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà òun ni ó gbọ́dọ̀ máa pè wọ́n, kí ó máa darí wọn, kí ó máa ké. Àwa wá lọ mú ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rárá, a fi í síbi tí ẹnu ti jẹ́ ìdajì iṣẹ́.

ÒGIRI DI ASẸ́

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a borí, ọmọ náà gba bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí ì bá wọlé. Ọ̀kan nínú wọn, àyà ni ó fi gbà á. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sókè, wọ́n sọ ọ́ ní Ògiri. Inú wa dùn, àwa náà bá wọn pè é ní Ògiri. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. A kò ronú pé ẹni tí a bá sọ ní Ògiri, ọjọ́ tí ó bá wó, ojú gbogbo ènìyàn ni yóò wó sí.

Ọjọ́ kẹta dé. Àwọn ọmọ àdúgbò kejì tí a bá gbá lágbára, wọ́n sì mọ ara wọn. Góòlù kìíní kọjá láàárín àwọn ẹ̀yìn wa méjì. Olúkúlùkù wọn rò pé èkejì ni yóò gbá a jáde. Láti ibi tí a wà, a rí ọmọ náà tí ó la ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Góòlù kejì, bákan náà. Ìkẹta bà á lọ́wọ́, ó sì yọ́ wọlé. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tiwa, kì í ṣe ti àwọn tí à ń bá gbá o, kígbe pé, "Asẹ́! Ògiri ti di asẹ́!" Kí rẹfirí tó fọn fèrè ìsinmi, gbogbo wọn ni ó ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sì ń dùn wá jù ni pé ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta dìde láti abẹ́ igi, ó sì kígbe sí i pé, "Ṣé o ń sùn ni?" A kò ní dárúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó dá a lẹ́kun nínú àwa méjì yòókù.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ náà kò wá. Ní èyí tí ó tún tẹ̀ lé e, kò wá. A ní ìtìjú ni, yóò kúrò lára rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀kan nínú wa pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà níbi tí ó ti ń ta èlùbọ́. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ o, sà. Ọ̀rẹ́ yín kò gbàgbé bọ́ọ̀lù yín. Bí ó bá ti di Sátidé, kì í jẹun tán kí ó tó gbé bàtà rẹ̀ jáde."

Ẹ̀rù ba ẹni wa. Ọmọ ń jáde nílé, kò sì dé pápá: ibo ni ó ń lọ?

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, a bá a ní gáréèjì, níbi tí àwọn ọkọ̀ Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń gba èrò. Ó jókòó lórí àpótí kan, bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èrò. Awakọ̀ kan sọ fún wa pé ọmọ náà ti bi òun lẹ́ẹ̀mejì pé èló ni owó ọkọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin ará, gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀nà yẹn ti rí láti ọdún mélòó kan yìí. Bí owó bá pé ọmọ náà lọ́wọ́, ohun tí à bá máa kọ sínú ìwé ìròyìn yìí lónìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a kọ ọ́ láé.

OHUN TÍ ỌMỌ NÁÀ SỌ

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé wọn. Bàbá rẹ̀ fẹ́ nà án, a bẹ̀ ẹ́. A bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò fi sọ fún wa pé òun kò fẹ́ ṣe adilémú.

Ó ní, "Ẹ kò bi mí, sà."

A dákẹ́. Ọ̀kan nínú wa tún bi í pé, "Ó dára. Nígbà tí o rí i pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀, kí ló dé tí o kò pe àwọn ẹ̀yìn rẹ?"

Ó wolẹ̀, ó ní, "Èdè Haúsá ni wọ́n ń sọ lórí pápá, sà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Bí mo bá fi Yorùbá pè wọ́n, wọ́n á máa sín ohùn mi jẹ, wọ́n á ní ará oko ni mí."

Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Kaduna níhìn-ín, Yorùbá ni wọ́n fi ń kí wa nílé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé orí pápá, Haúsá ni wọ́n fi ń ṣeré, pẹ̀lú ọmọ ẹni gbogbo. A kò rò ó rí pé ó lè di odi fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Nígbà náà ni ìyá rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti dàgbà. Òun ni ó ń pa àlọ́ fún gbogbo ọmọ agbo-ilé wa, wọ́n á ní kí ó dákẹ́ kí wọ́n lè sùn. Ìgbà tí ìyá mi kú, tí a lọ mú un wá, ni ẹnu rẹ̀ pa dé."

Oṣù mẹ́sàn-án ni ó ti dé Kaduna nígbà náà. Ohun tí àwa jókòó lábẹ́ igi tí a pè ní ìwà, ọ̀fọ̀ ni, àti àìgbédè. A rí ọmọ tí ilé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wó mọ́ lórí, a sì ní kí ó wá di ilé mú fún wa.

OJÚ ÀGBÀ NÁÀ Ń ṢÌNÀ

Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí ohun tí àwọn onímọ̀ sọ nípa ìwà ọmọ àti ipò rẹ̀ nínú eré. Kì í ṣe pé ìwà kò já mọ́ nǹkan. Ọmọ kan ní sùúrù ju èkejì lọ, ọ̀kan fẹ́ ariwo, èkejì fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ìka kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ojú tí àgbà fi ń wo ìwà ni ó máa ń ṣìnà, ó sì máa ń ṣìnà sí ibi kan náà ní gbogbo ayé.

Ní 1970, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Loy àti McElvogue, ka ipò tí a fi àwọn agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú sí nínú eré bọ́ọ̀lù ti ilẹ̀ wọn. Wọ́n rí i pé àwọn funfun ni ó pọ̀ ní àárín gbùngbùn, níbi tí ọ̀rọ̀ àti àṣẹ ti ń jáde. Àwọn dúdú pọ̀ ní etí pápá. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ayé ìgbà náà gbà pé bí ìwà kálukú ti rí ni, pé àwọn kan wà fún ìrònú, àwọn kan wà fún eré sísá. Wọ́n kò bi àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwa tí à ń gbé láàárín ẹ̀yà mìíràn mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń dùn ni, nígbà tí a bá ní "ẹ̀yin Yorùbá, bí ìwà yín ti rí nìyí." Ó yẹ kí ó dùn wá bákan náà bí a bá ń sọ ọ́ sí ọmọ wa.

Ní 1985 ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà wo oṣù tí a bí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n yàn sí ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín. Àwọn tí a bí ní oṣù kìíní, oṣù kejì àti oṣù kẹta pọ̀ gan-an. Àwọn tí a bí ní ìparí ọdún kò tó nǹkan. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n fi ń pín wọn sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, nítorí náà ọmọ tí a bí ní January fi oṣù mọ́kànlá dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a bí ní December lọ. Ó ga jù ú, ó lágbára jù ú, akọ́nimọ̀ọ́gbá a sì ní, "Èyí ní ọkàn akin." Oṣù ni ó ní, kì í ṣe ọkàn. Ẹ rántí pé gíga ọmọ wa náà wà nínú ohun tí ó tàn wá jẹ.

Bí ẹ bá sì ní ti òkèèrè ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo tiwa. Ní Kaduna yìí ni a bí Rashidi Yekini ní 1963, ọmọ Yorùbá bí àwọn ọmọ wa. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL níhìn-ín kí ó tó lọ sí Ìbàdàn. Ènìyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwa mẹ́ta ni a jókòó lábẹ́ igi máńgòrò nígbà èwe rẹ̀, a ó ní, "Jẹ́jẹ́ ni, ẹ fi í sí ẹnu àwọ̀n." Góòlù 37 ni ó gbá wọlé fún Nàìjíríà. Òun ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, tí ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tí ó sì ń ké sí Ọlọ́run. Ọjọ́ náà ni ayé gbọ́ ohùn ẹni jẹ́jẹ́. Nígbà tí ó kú ní 2012, Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n gbé e lọ sin.

Ẹ tún wo Ṣẹ́gun Odegbami, tí a bí ní Abẹ́òkúta, tí ó sì dàgbà ní Jos, tí kò jìnnà sí wa. Ọmọ ìwé ni, ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pólì Ìbàdàn, "Mathematical" ni àwọn ènìyàn sì ń pè é. Àwa ì bá ní kí onírònú bẹ́ẹ̀ wà láàárín, kí ó máa ṣe ìṣirò. Etí pápá lọ́wọ́ ọ̀tún ni ó ti gbá tirẹ̀, góòlù méjì nínú mẹ́ta tí a fi na Algeria nígbà tí a kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Èkó ní 1980 sì jẹ́ tirẹ̀.

OHUN TÍ A ṢE, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ WA

A pe àwọn ọmọ jọ, a sì bẹ ọmọ náà níwájú gbogbo wọn. Ó ṣòro fún wa, nítorí a kò kọ́ wa pé àgbà ń bẹ ọmọdé. Lẹ́yìn náà a yí ọ̀nà padà. Nísinsin yìí, kò sí ọmọ tí ó ní ipò kan títí. Gbogbo wọn ni yóò kọjá ní ẹ̀yìn, ní àárín, ní iwájú, àti ní ẹnu àwọ̀n, ọmọ kan kì í sì í wà ní ẹnu àwọ̀n ju ìdajì eré lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń bi olúkúlùkù pé ibo ni ó wù ú. A kò lè ṣe ohun tí gbogbo wọn fẹ́, ṣùgbọ́n a ti bi wọ́n.

Ọmọ aláriwo tí ó kọ́kọ́ pe ẹnìkejì rẹ̀ ní Asẹ́, ọjọ́ tí ó kan òun láti dúró sí ẹnu àwọ̀n, góòlù kan péré wọlé, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti gbọ́ orúkọ yẹn mọ́. A kò bá a wí, bẹ́ẹ̀ ni a kò wàásù fún wọn. Ibẹ̀ tí ó dúró sí ti kọ́ ọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà padà wá. Àárín ni ó kọ́kọ́ ní òun fẹ́. Méjì nínú àwọn ọmọbìnrin wa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Haúsá tí wọ́n ń lò lórí pápá. Ní Sátidé ìjẹta, ó kàn án láti ṣe adilémú. A rí i tí ẹnìkan ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn àwọn ẹ̀yìn wa. Ó fẹ ohùn, ó ní, "Koma baya!" èyí ni pé kí wọ́n padà sẹ́yìn. Ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó fi sọ Haúsá náà, àwọn ọmọ fi rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n padà sẹ́yìn. Góòlù méjì ṣì wọlé ní ọjọ́ náà. Kò tíì sọ ibi tí ó fẹ́ dúró sí, a kò sì kán an lójú.

Ẹ̀yin òbí, ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ̀ yín. Èkínní, ẹ má sọ ọmọ ní orúkọ nítorí ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ kan, ìbáà ṣe orúkọ ìyìn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì, bí ọmọ yín bá dákẹ́, ẹ má tètè ní bí a ti dá a nìyẹn. Ẹ bi í léèrè, pàápàá àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti ilé. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí a bí síbí mọ̀ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í ṣe ará oko. Gbogbo wa ni a ti jẹ́ àlejò rí ní ìlú yìí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ bàbá wa ní Haúsá ọjà kò fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìka kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tirẹ̀ lára ọwọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó fi ìka síbi tí ó wà, kì í ṣe ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ẹ mú àwọn ọmọ wá, ẹ sì dúró wò wọ́n. Kí Olúwa bá wa tọ́ wọn, kí ó má jẹ́ kí ọ̀nà ilé di ọ̀nà ẹkún fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àmín.

Àwa mẹ́ta tí Ẹgbẹ́ fi bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé lé lọ́wọ́.